Alhájà Sùwéébátù àti Fèrèsé Onífèrèsé

Ọjọ́ tí wọ́n ń so yìgì ọmọ Alhájì Bákàrè ní Aboabo ni òkìkí Alhájà Sùwéébátù kan gbogbo Kumasi. Àlejò kún pálọ̀ fọ́fọ́, òógùn ń dà lára wọn, Alfa Rahim ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́wọ́ àdúrà ni, nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri láti ìta. Gbì! Gbì! Àwọn obìnrin fò dìde. Ẹnì kan ní ọkọ̀ ló kọlu ilé. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, búlọ́ọ̀kù já lulẹ̀, eruku sọ lálá, orí Alhájà sì yọ láti inú ihò ara ògiri.

"Ẹ máa bá àdúrà yín lọ o," ó ní. "Atẹ́gùn ni mo gbé wá fún yín."

Òun ló ya àwòrán ilé náà fún Bákàrè, ó sì fi fèrèsé ńlá kan sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n Bákàrè, tó ń ta aṣọ ní ọjà Race Course, ra tẹlifíṣọ̀n kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kò rí ibi tó máa gbé e kọ́, ló bá fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé náà pa. Alhájà kìlọ̀ fún un títí, Bákàrè ní ilé òun ni. Ìyẹn ló mú kí Alhájà pe Godfred, bíríkìlà rẹ̀, pé kó mú òòlù dání. Ọlá pé wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n náà wọ yàrá nítorí àlejò ni kò fi fọ́. Gbogbo ilé ń retí kí Alfa Rahim bínú. Atẹ́gùn fẹ́ sí Alfa lọ́rùn. Alfa ká áńkáṣífì rẹ̀ padà sápò, ó ní, "Àmín."

Bákàrè kò ṣe àmín ní tirẹ̀. Ó pe Alhájà lẹ́jọ́ níwájú àwọn àgbà mọ́sálásí, Alfa Rahim sì ni olórí wọn.

"Alhájà, ta ló ni ilé yìí?" Alfa bi í.

"Alhájì Bákàrè ló ni ilé."

"Ta ló wá ni fèrèsé?"

"Èmi ni mo ni fèrèsé."

"Haba!" Bákàrè figbe ta. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin àgbà! Ṣé télọ̀ tó rán ṣòkòtò fúnni ló ni ṣòkòtò ni?"

"Bí mo bá rán ṣòkòtò fún yín, tí mo wá rí i tí ẹ fi í wé lórí, n ó bọ́ ọ níbẹ̀."

Alfa Rahim gbé ọwọ́ sókè láti dájọ́. Alhájà wò ó tìfura-tìfura. "Alfa, fèrèsé yàrá ẹ̀yìn tí mo yà fún ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà ní ṣíṣí?" Alfa wúkọ́. Ó ní ẹjọ́ yìí gba sùúrù, Ọlọ́run sì fẹ́ràn àwọn onísùúrù, kí oníkálukú máa lọ ilé. Kí wọ́n tó kírun àṣálẹ́, gbogbo àdúgbò ti ń gbọ́ bí Alfa àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lójú fèrèsé.

Ashanti New Town ní Kumasi ni wọ́n bí Sùwéébátù sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, aṣọ ló ń tà, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun náà ta aṣọ. Àmọ́ bébà tí wọ́n fi ń di aṣọ lọmọ fi ń ya ilé. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Yorùbá kúrò ní Gáánà, wọ́n kó padà sílé. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé. Nígbà tó padà dé, Kumasi ti ń fẹ̀ bí omi tó dà sílẹ̀, oko kòkó ń di ilé. Kò sí ọmọ Yorùbá kankan níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ká má tíì wá sọ obìnrin. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Maame, ẹ bá mi pe ọkọ yín, ẹni tó ń ya ilé." Sùwéébátù fa àga fún un. "Ọkọ mi wà nílé, ó ń wẹ̀ fún ọmọ. Ẹ jókòó."

Kì í bèèrè iye yàrá tí èèyàn fẹ́. Ohun tó ń bèèrè ni ẹni tó máa ń kọ́kọ́ jí, àti ibi tí tọkọtaya ti máa ń jà. Alhájì Munir, oníṣòwò obì, ní kí ó fi ògiri gíga sáàárín ìyàwó òun méjèèjì, nítorí wọn kò fẹ́ràn ara wọn. Alhájà pe àwọn ìyàwó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu: kí yàrá baálé jìnnà sí tiwọn, nítorí ó ń han-run. Alhájà fi yàrá Munir sí ẹ̀bá géètì. Inú bí Munir fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n olè kò wọ ilé náà rí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí sú jù lọ ni Lúkmàn, àbúrò Alhájà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tẹ̀lé e kiri, kó máa bẹ àwọn èèyàn. Bí Alhájà bá ti kọ́ ilé fúnni, kò parí síbẹ̀. Yóò máa yà wọlé láìròtẹ́lẹ̀, yóò máa ti àga, yóò máa ká kọ́tìnnì. Lọ́jọ́ kan, Ama, ìyá Asante kan, bá a nínú kíṣìnnì rẹ̀, ó ń gbé ìkòkò kúrò níbi tó wà.

"Awurade, Olúwa mi! Alhájà, àwa là ń gbé ilé yìí!"

"Mo mọ̀. Ẹ ò gbé e dáadáa ni."

Lúkmàn dọ̀bálẹ̀ fún Ama. Nígbà tí wọ́n dé títì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti pa mí. Orúnkún mi ti bó."

"Ta ló ní kó o máa dọ̀bálẹ̀?"

Ọjọ́ tó dójú ti Lúkmàn jù ni ti Dáúdà. Dáúdà wá láti Nàìjíríà, ó ń kọ́ ilé alájà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Alhájà ló sì ya àwòrán rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé àjà kẹta lé e, Alhájà wo òpó ìsàlẹ̀, ó ní òpó náà kò lágbára tó. Ó gbé àpótí kan, ó lọ jókòó sáàárín àwọn òpó náà.

"Ẹ máa gbé e lé e," ó ní. "Orí mi ni ẹ ó gbé e lé."

Oòrùn mú. Àwọn lébìrà ń rẹ́rìn-ín. Lúkmàn bẹ̀ ẹ́, ó bẹ Dáúdà, ó tún padà wá bẹ̀ ẹ́. Dáúdà ń kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n Lúkmàn, ẹ bá mi gbé ẹ̀gbọ́n yín kúrò nínú ilé mi!" Lúkmàn di Alhájà lápá mú, Alhájà kò mira. Nígbà tó yá, omi bọ́ lójú Lúkmàn níwájú gbogbo wọn. Alhájà wò ó, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Lúkmàn, ọmọ ọlọ́mọ ló máa sùn síbí." Àwọn lébìrà gbé kọnkéré wọn kalẹ̀. Dáúdà fi ìbínú já òòlù gbà lọ́wọ́ Godfred tó tẹ̀lé Alhájà wá, ó ní òun ó fi hàn án pé kò sí nǹkan tó ṣe òpó òun. Ó fọ́ ọ̀kan. Irin tó wà nínú rẹ̀ tín-ín-rín, adìyẹ nìkan ló lè tì mọ́lé.

Dáúdà lé kọngílá rẹ̀ lọ, ó tún gbogbo òpó náà gbé. Kò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé parí, àjà òkè pátápátá ló fi Oyinkọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sí.

Àìsàn dá Alhájà gúnlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó bá gbogbo nọ́ọ̀sì jà lórí bí wọ́n ṣe to bẹ́ẹ̀dì, Lúkmàn sì ń bẹ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pe Lúkmàn pé Alhájà ti dákẹ́. Lúkmàn ní, "Alhamdulillah, ó sinmi, àwa náà sinmi." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbà pé òtítọ́ ló sọ.

Wọ́n gbé Alhájà dé itẹ́ òkú. Mahfuz, tó gbẹ́ sàréè, ti parí iṣẹ́, ó nu ojú rẹ̀. Lúkmàn lọ sétí ihò náà, ó wò ó, ó yí po, ó tún wò ó.

"Apá ọ̀tún yìí wọ́," ó ní.

"Alhájì?" Mahfuz bi í.

"Ó wọ́. Ó tún há níbi èjìká. Báyìí lẹ ṣe ń gbẹ́ ẹ?"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, òmíràn gbè é, ni ẹ̀rín bá gba itẹ́ kan. Mahfuz gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Alhájì, mo ti ń gbẹ́ sàréè tipẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó jáde wá sọ pé ó há."

"Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ń gbẹ́ ẹ fún ni," Lúkmàn wí. Ó kúnlẹ̀ sétí ihò náà, ó fi ọwọ́ wọn ibi tí èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò wà.

Ẹ̀rín wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mahfuz wo ojú Lúkmàn. Ó tún sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, ó gba ṣọ́bìrì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún apá ọ̀tún ṣe, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo wọn sì dúró dè é.