Yáàdì Mẹ́rin Òkúta Wẹ́wẹ́

Ó ti tó ọdún méjìlélógójì tí Lavonne Haugerud ti ń bá àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣírò òkúta wẹ́wẹ́. Inú ọ́fíìsì onípákó kan ló máa ń jókòó sí, lẹ́nu ibùdó tí wọ́n ti ń ta òkúta àti yanrìn, ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bí ẹnì kan bá fóònù pé òun fẹ́ da òkúta síwájú ilé, ìbéèrè mẹ́ta péré ló máa ń bi í: ibẹ̀ ti gùn tó, ó ti fẹ̀ tó, báwo lẹ sì ṣe fẹ́ kó nípọn tó? Kí onítọ̀hún tó rí bírò mú, Lavonne ti sọ iye tó máa gbà. Yáàdì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Yáàdì kan ni òkúta tó máa kún àpótí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tó fẹ̀ ní mẹ́ta, tó sì ga ní mẹ́ta. Kò sí oníbàárà tó padà wá sọ rí pé òkúta òun kò tó.

Obìnrin yìí kì í gun òkìtì òkúta. Àwọn awakọ̀ ibẹ̀ rò pé orúnkún ló ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, Borghild ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, pè é lórí fóònù níbi iṣẹ́.

“Mo fẹ́ kó o bá mi da òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí igi lílákì olódòdó yẹn.”

“Koríko ti wà níbẹ̀, Màmá. Kí lẹ fẹ́ fi òkúta ṣe?”

“Koríko kì í dún.”

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní koríko kì í dún. Ẹnì kan máa ń wá síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo máa ń mọ̀ tó bá ti dé, àmọ́ mi kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó o bá ń bọ̀, mú téèpù tẹ́ ẹ fi ń wọnlẹ̀ dání.”

Lavonne kò bèèrè ẹni tó ń wá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn ti dárúkọ Ardis kẹ́yìn.

Ardis ni àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí Lavonne jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn méjèèjì lọ sí kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta lẹ́yìn ìlú, wọ́n ń fi ìdí yọ̀ wálẹ̀ láti orí bèbè. Bèbè náà ya lu Ardis mọ́lẹ̀. Lavonne sáré lọ pe àwọn àgbà, wọ́n fi ṣọ́bìrì àti ọwọ́ wa òkúta kúrò lórí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Nírọ̀lẹ́, Lavonne wọn ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógójì ní gígùn, mẹ́ta ní fífẹ̀. Bó bá nípọn ní íńṣì mẹ́ta, yáàdì kan géérégé ni.

“Yáàdì kan ló máa gbà, Màmá.”

Borghild dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife kọfí, ojú rẹ̀ wà lára igi lílákì. “Ìwọ tó o mọ òkúta ṣírò. Èyí tó wó lu ọmọ yẹn, báwo ló ṣe pọ̀ tó?”

Téèpù já bọ́ lọ́wọ́ Lavonne. Ó mọ ìdáhùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó gba iṣẹ́ náà, lọ́jọ́ tí wọ́n sì kọ́ ọ ní ìṣirò yẹn, kò gba ilé lọ lẹ́yìn iṣẹ́, kòtò yẹn ló gbà lọ. Ojú ibi tí bèbè ti ya ṣì wà níbẹ̀, koríko kò hù sí i. Ó wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní fífẹ̀, mẹ́fà ní gíga, mẹ́ta wọnú. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kó kó yáàdì mẹ́rin wá fún òun, àyà Lavonne á já.

“Yáàdì mẹ́rin,” ló wí.

“Mẹ́rin péré?”

“Mẹ́rin péré. Kò kún ọkọ̀ wa kan.”

Ìyá náà gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. “Látọjọ́ yìí, mo rò pé òkè ńlá ni. Mẹ́rin ni kó o bá mi rà.”

“Màmá, ibo la máa da mẹ́ta tó kù sí?”

“Ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyẹn. Mo fẹ́ fojú mi rí i.”

Lavonne wá ṣe ìṣirò tí kò ṣe rí: kì í ṣe òkúta tí ilẹ̀ máa gbà, bí kò ṣe ilẹ̀ tí òkúta máa bò. Yáàdì mẹ́ta á bo ìdí lílákì yíká, ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún ní gígùn, méjìdínlógún ní fífẹ̀. Ó máa ń fi díẹ̀ kún ti gbogbo oníbàárà, torí òkúta máa ń rì. Kò fi nǹkan kan kún èyí.

Láàárọ̀ Sátidé, Merlin Toft awakọ̀ gbé òkúta náà dé. “Lavonne, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni àbí pápá ọkọ̀ òfuurufú lẹ fẹ́ ṣe?”

“Da á síbẹ̀, kó o máa lọ.”

Merlin wo ojú rẹ̀, ó dà á sílẹ̀, kò dúró mu kọfí.

Borghild tẹ ọ̀pá rẹ̀ lọ sídìí òkìtì náà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. “Gíga rẹ̀ kò dé èjìká mi,” ó wí. “Wá síbí.”

“Mi ò lè wá, Màmá.” Orí àtẹ̀gùn ni Lavonne dúró sí. “Èmi ni mo sọ fún un pé ibẹ̀ le, pé kò lè ya. Èmi ni mo kọ́kọ́ gùn ún, tí mo ní kó máa bọ̀.”

“Mo mọ̀.” Ìyá náà kò bojú wẹ̀yìn. “Gbogbo ìgbà òtútù ọdún yẹn lo fi ń sọ ọ́ lójú oorun. Bàbá ẹ náà gbọ́.”

“Ẹ ò sì bá mi sọ ọ́?”

“Ìwọ nìkan ló kù fún wa. Ẹ̀rù bà wá pé tá a bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ìwọ náà lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.”

Lavonne sọ̀kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tì í bọ inú òkúta náà títí dé ọrùn ọwọ́. Ó tutù. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ òkúta náà sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí wọ́n jókòó ti ànàmọ́ àti ẹja ní ilé ìdáná, òkúta dún níta. Ẹsẹ̀ tí kò wúwo, tí kò kánjú.

“Ó lè jẹ́ àgbọ̀nrín,” Lavonne wí.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Má lọ wò ó.”

Ẹsẹ̀ náà yí lílákì ká, ó dúró, kò wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Borghild ń jẹun rẹ̀ lọ.

Ọdún méjì sí i ni ìyá náà lò láyé. Lavonne fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kó wá sílé náà. Àwọn aládùúgbò ń sọ fún un pé kó tà á, ó sì máa ń dá wọn lóhùn pé òun á rò ó. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán lórí òkúta, kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, á pa rédíò, á ṣí fèrèsé. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹsẹ̀ tí òun ń gbọ́ ti di ti ẹni méjì.