Ẹ́ńjìnnì Ìgégi Tí Mo Pọ̀n Lọ sí Àgọ́-Ìwòyè

Nínú gbogbo ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú, ẹ́ńjìnnì tó fi ń gégi nínú igbó ni mo fẹ́ràn jù. Ní Òkè-Àgbò níbí, kò sí ilé tí kò mọ ohùn rẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Lọ́jọ́ tí mo wá ní kí àna mi gbé e jáde, kó fi gé igi ìdáná fún mi, ó fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Ẹ́ńjìnnì náà kò tilẹ̀ húkọ́.

Ọmọkùnrin mi àgbà, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́òkúta, gbọ́. Ó ní, "Màámi, nǹkan yẹn ti kú. Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń mú ẹni tó ń ra irin kóńdẹ́mù bọ̀ wá gbé e." Mo ní kò kú. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín yẹn dùn mí wọ eegun. Àìmọye ìgbà ni mo ti bá bàbá rẹ̀ mú tọ́ọ̀ṣì dání nígbà tó bá ń tún un ṣe! Mo mọ̀ pé irinṣẹ́ tó ń lò kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wá bá wa ṣe òkú ti kó wọn lọ.

Mo ní màá ra irinṣẹ́ mìíràn ní Àgọ́-Ìwòyè. Ṣùgbọ́n n kò kàwé, n kò mọ nọ́ńbà sípánà. Ẹni tó bá ń lọ ra bàtà ọmọ, ṣé kò ní mú ọmọ dání ni? Mo gbé e rù, ọ́ìlì ń kán sí mi létí. Ni mo bá pọ̀n ọ́n. Mo fi aṣọ wé irin gbọọrọ iwájú rẹ̀, mo dé e ní fìlà òtútù ọkọ mi kí eyín rẹ̀ má baà ya ẹnikẹ́ni.

Nínú mọ́tò, obìnrin Aládùúrà kan jókòó lẹ́yìn mi.

"Yèyé, ọmọ yín mà dákẹ́ o."

"Ara rẹ̀ ni kò yá."

"Kí ló dé tí ọrùn rẹ̀ gùn báyìí?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Ó gbé ọwọ́ lé fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Nígbà tó gbóòórùn bẹntiróòlù, ó pariwo pé ẹ̀mí àìmọ́ ti ń jáde. Gbogbo mọ́tò ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, kí ara rẹ̀ yá ni mo kúkú ń wá.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, bàbá tó ń ta irinṣẹ́ gbé àpótí ńlá kan tí sípánà kún inú rẹ̀ síwájú mi. "Màmá, ẹ gbé e tàpótí tàpótí."

"Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò ná, bàbá." Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ó tú ọ̀já díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kò sọ ọ́ kalẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún bá mi gbé e pọ̀n?

Ó ń dán sípánà wò lẹ́yìn mi, àwọn obìnrin tó ń kọjá dúró.

"Ẹ wá wo bàbá yìí o! Ó ń fi sípánà tú ọmọ ọlọ́mọ!"

A rí ọ̀kan tó mu: ẹnu rẹ̀ kan ń tú pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i, èkejì ń tú nọ́ọ̀tì. Ó ku fáìlì róbótó tí wọ́n fi ń pọ́n eyín rẹ̀. Èyí tó nípọn kò wọ àárín eyín ṣéènì, èyí tó tínrín ń mì. Èyí tó jókòó gẹ́ẹ́ bí òrùka ìyàwó ni mo mú, pẹ̀lú pọ́lọ́ọ̀gì tuntun.

"Ẹ mú òòlù kún un."

"Ta ni mo fẹ́ lù?"

"Tó bá ń ṣagídí ńkọ́?"

"Ọkọ mi kò nà án rí."

Nílé, mo ṣí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Èérún igi ti dì síbẹ̀ bí ẹ̀bà àná. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbọ̀n ọ́n, mo pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, mo da bẹntiróòlù àtijọ́ nù, mo po tuntun pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Mo fi fáìlì pọ́n eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n n kò lágbára àtifa okùn.

Ní Sátidé, ọmọ mi dé pẹ̀lú ẹni tó ń ra irin, tòun ti òṣùwọ̀n. Mo ní kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ bá mi fa okùn yẹn. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò dún. Ọmọ mi wò mí. Àfi bí mo ṣe rántí pé ọkọ mi máa ń fa nǹkan kékeré kan síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó fa okùn. Mo fà á.

"Ẹ tún fà á."

Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́, ó sín, ó ké! Ẹni tó ń ra irin gbé òṣùwọ̀n rẹ̀, ó lọ láìdágbére. Ọmọ mi ń la ẹnu, ó ń pa á dé, ó ń sọ nǹkan kan sí mi tí ariwo kò jẹ́ kí n gbọ́. N kò pa ẹ́ńjìnnì náà. Mo jẹ́ kó máa ké títí bẹntiróòlù inú rẹ̀ fi tán.