Ajílẹ̀ Ọ̀fẹ́ Tí Àbúrò Jẹ́-n-rí-i Gbé Wá

Jẹ́-n-rí-i ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin àgbẹ̀ náà, nítorí kò sí ohun tí o lè sọ fún un tí yóò gbà lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí o bá ní òjò ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ síta kí ó tó sáré kó aṣọ wọlé. Ọkọ rẹ̀, nígbà tó wà láyé, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá kú, wọn ò gbọdọ̀ sin òun títí ìyàwó òun yóò fi tẹ́ ọwọ́ sí imú òun wò.

Oko kábéèjì ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀ fún un, ilẹ̀ tó ti gbó, tí agbára ti tán nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àbúrò Jẹ́-n-rí-i ọkùnrin, tó ń wa típà níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ìlú, já ẹrẹ̀ dúdú kan sílẹ̀ lẹ́bàá oko.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ajílẹ̀ rèé. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń kù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni, a ti sá a gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni!"

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ta ló ń fi ohun rere tọrẹ láìní ìdí?"

"Àwọn ọ̀gá ló ní ká máa pín in fún àgbẹ̀. Ẹ gbà á, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Nítorí pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni, ó gbà á, ó fọ́n ọn sí apá òkè oko. Kábéèjì ibẹ̀ yọ bí ẹni ń bínú, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí agbòjò. Kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ yòókù fi ń bẹ àbúrò rẹ̀ kí ó yà sọ́dọ̀ àwọn náà.

Inú Jẹ́-n-rí-i dùn, ó gé méjì tó tóbi jù, ó fi okùn dì wọ́n fún àbúrò rẹ̀ kí ó mú wọn lọ sílé. Ìgbà tó ń lọ sọ́jà ló rí kábéèjì rẹ̀ nínú gọ́tà, tòun ti okùn. Ó yí padà, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ, ó sì bá a níbi tó ti ń fi ọṣẹ fọ bàtà rọ́bà.

"Ṣé kábéèjì mi dùn?"

"Ó dùn gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọmọ ti jẹ ẹ́ tán."

"Ṣé inú gọ́tà ni wọ́n ti jẹ ẹ́ ni?"

Ọkùnrin náà gbé bàtà sílẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé kì í ṣe omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló ń ṣàn wá sọ́dọ̀ àwọn. Omi ilé iṣẹ́ bátìrì, tó ní òjé olóró nínú, ń gba inú páìpù kan náà. Oòrùn lè pa kòkòrò inú ẹrẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òjé kì í kú, kì í jẹrà. Inú ilẹ̀ ló ń jókòó sí, tí gbòǹgbò ń fà á mu.

"Kí o tó gbé e wá fún mi lo ti mọ̀, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Ó tún gbé bàtà náà, ó ń fọ ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn dun obìnrin náà ju ọ̀rọ̀ òjé lọ.

Ó bu erùpẹ̀ apá òkè àti ti ìsàlẹ̀, ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn. Obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún un pé ti ìsàlẹ̀ kò ní òjé, ṣùgbọ́n kí ó má gbin ohun jíjẹ sí apá òkè mọ́.

"Ìgbà wo ni yóò kúrò níbẹ̀?"

"Ìyá, ọmọ-ọmọ yín yóò ṣì bá a níbẹ̀."

Jẹ́-n-rí-i hú gbogbo kábéèjì náà, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbin igi gẹdú lé e lórí. Ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan gbọ́. Àwọn mìíràn ní ìlara ni, pé kò fẹ́ kí oko ẹlòmíràn rúwé. Láti ìgbà náà ni kì í ti í ra ẹ̀fọ́ lọ́jà láìbéèrè oko tó ti wá, àwọn tó ń tà á sì ti ń sá fún un.

Ó pẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tó tún yọjú. Ó gbé ìgò oyin kan dání, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ti fi iṣẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀, yanrìn lòun ń kó báyìí.

"Ó dáa. Dìde."

Jẹ́-n-rí-i jáde lọ sídìí típà, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka ha igun rẹ̀, ó gbóòórùn ohun tó lẹ̀ mọ́ ìka náà. Yanrìn ni lóòótọ́. Ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sọ̀ kalẹ̀.