Ìyá Pẹ̀lúmi Ń Ná Tíkẹ́ẹ̀tì

Láti Ìyànà-Ìbà dé Okokomaiko, kò sí ìsọ̀ tí wọn ò ti mọ Ìyá Pẹ̀lúmi, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé obìnrin náà lówó lọ títí. Ìnájà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá pe bàtà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni yóò dá lé e. Bí ẹ bá fapá jánú, kò ní bá yín jiyàn. Yóò kan gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, yóò kẹ̀yìn sí yín, yóò sì máa lọ jẹ́jẹ́. Kò ní tíì dé ìsọ̀ kẹta tí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi máa ké pé, "Màmá, ẹ padà wá! Ẹ mówó wá!" Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe é, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọn ò pè é padà. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Olùkọ́ ìjọba ni, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ọkọ rẹ̀ sì kú nígbà tí Pẹ̀lúmi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì wà ní fọ́ọ̀mù kẹta. Owó tó ń yọ lára ìnájà yẹn ló fi rán ọmọ náà níwèé títí tó fi dé Kánádà.

Pẹ̀lúmi lọ́kọ sí Tòróńtò, ó sì fi ọdún méje gbáko wojú Olúwa. Nígbà tó wá di oṣù kìíní ọdún yìí, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, ó ti dúró o." Igbe tí ìyá ké lọ́jọ́ náà, àwọn ará àdúgbò ní Igbó-Elérin rò pé olè ló wọlé. Àárín oṣù kẹjọ ni dókítà dá fún un. Ìyá Pẹ̀lúmi sì ti sọ ọ́, kò sẹ́ni tí kò sọ ọ́ fún: "Ọwọ́ mi ni ọmọ yẹn máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Èmi ni n óò wẹ̀ ẹ́."

Àmọ́ igbákejì ọ̀gá ni ní ilé-ìwé ìjọba kan ní Ìbà. Kò lè fi ìdánwò sílẹ̀ kó máa wọ bàálù. Àfi ọlidé gígùn, láti ìparí oṣù keje títí ìwé yóò fi wọlé lóṣù kẹsàn-án. Ọlidé yẹn gan-an sì ni gbogbo ayé ń kó ọmọ wọn rìnrìn àjò, tí owó bàálù ń fò sókè bí owó ata nígbà tí ata bá wọ́n. Ó gba físà. Ó yá mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́. Bí oṣù kẹfà ṣe wọlé, ó gba ọ̀dọ̀ Bíọ́dún lọ.

Bíọ́dún ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí géètì yunifásítì. Ìyá Pẹ̀lúmi ló kọ́ ọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama, ẹ̀rù obìnrin náà ò sì tíì kúrò lára rẹ̀ dòní. Ó nu àga fún un, ó tẹ kọ̀ǹpútà títí.

"Mílíọ̀nù méjì, Ma. Àlọ àtàbọ̀. Ọjọ́ kejì tí ẹ bá gba ọlidé lẹ máa gbéra."

"Mílíọ̀nù kan."

"Ma?"

"Ó dáa, mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lé e, nítorí pé ọmọ mi ni ọ́."

"Ma, ọjà mi kọ́ o. Kọ̀ǹpútà ló pè é bẹ́ẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ò lọ́gàá ni?"

Bíọ́dún fọwọ́ họrí. Ìyá Pẹ̀lúmi bá gbé báàgì kọ́ apá, ó dìde, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ó fo gọ́tà. Ó dúró ná àgbàdo sísè tí kò ní jẹ. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan. Háà! Bíọ́dún jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń dúró dè é, nítorí ohun tí òun rò ni pé Ma ti lọ sí báńkì lọ mówó wá.

Ìyá Pẹ̀lúmi fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Nígbà tó padà, tíkẹ́ẹ̀tì ti kúrò ní mílíọ̀nù méjì, ó ti di mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún. Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bíọ́dún, ṣé torí pé mo nà ọ́ ní fọ́ọ̀mù kejì ni?"

"Ẹ gbà mí! Ma, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè rà á, yóò tún lọ sókè ni o."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ta ni ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọlọ́jà? "Ẹ tètè rà á, ó ti fẹ́ tán." Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu aláṣọ, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹ́ja. Ó tún gbé báàgì kọ́ apá. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní ọ̀nà Àlàbà, oníyẹn náà pè é ní iye kan náà, ó sì kẹ̀yìn sí òun náà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà lóòótọ́, ọjà tíkẹ́ẹ̀tì ló wà, orí ọmọ tuntun sì ń bọ̀ lókè òkun.

"Mọ́mì, ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì?" Pẹ̀lúmi a máa bi í bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọmọ mi."

Irọ́ ni, ó sì ń dùn ún. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí, ó tún kọjá lọ́dọ̀ Bíọ́dún. Mílíọ̀nù mẹ́ta ó lé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dá iye kankan lé e. Ó jókòó sórí àga, ó gbé báàgì lé itan, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Bíọ́dún, mo rò pé o máa pè mí padà ni," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bíọ́dún lára. Ìgbà yẹn ló tó yé e ohun tí Ma ti ń ṣe láti oṣù kẹfà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó wá tìwá tọ̀hún. Ọjọ́ Sátidé kò sí, ọjọ́ Mọ́ńdè kò sí, láti Èkó, kò sí èyí tí owó Ma ká rárá. Nígbà tó yá, ó ní, "Ma, ẹ lè gba Kùtọ̀nú lọ? Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ. Mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó. Àga kan ló kù."

Ẹnu Ìyá Pẹ̀lúmi là. Ó ti mọ́ ọn lára, iye tó fẹ́ dá lé e ti dé orí ahọ́n. Ó gbé e mì.

"Rà á fún mi."

"Ma? Ẹ ò ní…"

"Mo ní kó o rà á kó tó yí padà!"

Ọjọ́ kẹsàn-án kò burú, àbí? Àárín oṣù ni dókítà kúkú dá. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ka kàlẹ́ńdà. Ní ọjọ́ keje, bí Ìyá Pẹ̀lúmi ṣe ń ti ẹ̀gúsí sáàárín aṣọ nínú àpótí, fóònù dún. Ọkọ Pẹ̀lúmi ni.

"Mọ́mì, ẹ kú oríire o. Ọkùnrin ni! Tìyátọmọ wà dáadáa."

Ó jó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí tó sunkún, nítorí pé nọ́ọ̀sì kan tí kò mọ ilé bàbá ọmọ ló gba ọmọ tí òun fi ọdún méje tọrọ. Bí ó bá ti san mílíọ̀nù méjì lóṣù kẹfà ni, ì bá ti wà níbẹ̀. Kò lè dì í ru ẹnikẹ́ni.

Bíọ́dún ló sìn ín dé Kùtọ̀nú. Wọ́n gbéra ní ìdájí, wọ́n gba Ọ̀tọ̀-Àwórì kọjá, wọ́n gba Àgbádárìgì. Ní bodè Sèmè, ó rí i dájú pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà Ma. Títí tó fi wọ inú pápákọ̀, Ìyá Pẹ̀lúmi kò ná nǹkan kan, àní omi tútù inú ọ̀rá, iye tí wọ́n pè é ló san.

Ọjọ́ kọkànlá ló wọlé ní Tòróńtò. Pẹ̀lúmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà láyà rẹ̀. Ìyá kò tíì bọ́ bàtà tó ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Pẹ̀lúmi, dákun má bínú. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lóṣù kẹfà. Mo ń ná an ni."

Pẹ̀lúmi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Mọ́mì, ta ló bí mi? Ṣé ẹ rò pé n ò mọ̀ ni?" Ó na ọmọ náà sí i. "Ẹ gbà á. Wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ní ọsibítù, mo kọ̀. Mo kàn ń fi aṣọ tútù nù ún láti ọjọ́ yìí wá. Mo sọ fún wọn pé ìyá mi ń bọ̀."

Ìyá Pẹ̀lúmi bọ́ bàtà. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n gbé bẹ́sìnì wá, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò bóyá ó ti gbóná jù. Ó pe ọmọ náà ní Àjàní, ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì bu omi sí i lẹ́yìn.