Owo Ajani, Láìsí Àmì

Ọgọ́fà náírà ni Àjàní káfíńtà sọ pé olóògbé Akínyẹmí jẹ òun kù lórí tábìlì ìkọ̀wé kan. Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n jọ dá a lé ní ọdún 1986, ọgọ́sàn-án lọ́kùnrin náà san. Orí tábìlì yẹn ló ti kọ àwọn ìwé tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ilé rẹ̀ ní Tudun Wada, ní Minna níbí, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Àjàní kò sì jókòó jẹ́ẹ́ mọ́ látọjọ́ tó gbọ́.

Mo ṣírò rẹ̀ fún un. Kẹ̀kẹ́ láti Kpakungu, àdúgbò wa, àlọ àtàbọ̀ èèyàn méjì, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Ìwọlé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́fà náírà òde òní kò sì ra omi inú ọ̀rá mẹ́ta. Ó ní kì í ṣe owó ló ń lé òun kiri. Kí ẹnì kan nínú ẹbí náà sáà gbà pé wọ́n jẹ òun. Lóòótọ́, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí èèyàn bá yáwó tí kò san, wọn a ní ó ti di òǹkọ̀wé.

Sabirah, ọmọ-ọmọ Akínyẹmí, ló gbowó lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà. Minna ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Àjàní kò wo àwòrán, kò wo agbádá olóògbé. Ìdí tábìlì ló lọ tààrà, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ. Akínyẹmí ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ síbẹ̀: OWO AJANI. Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Ohun tí wọ́n kọ sí káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni pé: “Iṣẹ́ ọwọ́ Àjàní. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kọ èyí láti yin oníṣẹ́ ọnà náà.”

Àjàní dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní òun ni Àjàní náà. Sabirah kúnlẹ̀, ó yọ fóònù láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó kà á kí àwọn àlejò lè máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

“Owó Àjàní,” ni Àjàní wí.

“Yauwa, Bàbá. Ọwọ́ Àjàní.”

“Owó.”

“Ọwọ́,” ni Sabirah tún wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìkan náà ni méjèèjì létí rẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta làwọn ti ń wá a, pé gbogbo àlejò ló ń béèrè ta ni Àjàní.

Mo lanu láti là á yé e. Àjàní tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí Sabirah ka káàdì náà fún òun. Ó tún ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló rọra ti dúrọ́ọ̀ náà padà.

Níta, kò dúró de kẹ̀kẹ́, ńṣe ló ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

“Bàbá Mofọláyọ̀, ẹ sáà gbọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo béèrè owó yẹn lójú yín.”

“Wọn ò sì san.”

“Kí wọ́n má san án mọ́. Bí wọ́n bá san án, wọ́n á yọ káàdì yẹn.”

Ó sì sọdá títì.