Ẹ̀kọ́ Sọ́rì

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ ṣe mí níbi láyé yìí. Àwọn mìíràn ṣe tiwọn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Kàbà, inú ilé rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Ó ti kú báyìí. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sí wa létí, wọ́n ní òun ló tún kíkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní gbogbo agbègbè wa. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ ọ délẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ yẹn ni mò ń dá lóhùn.

Ní ọdún mélòó kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni. Àwọn ọmọ tó ń wọ kíláàsì kìíní kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, Owé, èdè ilé wọn ní Kàbà, ni wọ́n gbọ́. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé okun ni a fi ń kíra wa. Bí o bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun ni. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, okun ni. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, okun náà ni. Nígbà tí àwọn tíṣà wa wá ń wá Gẹ̀ẹ́sì okun, “sọ́rì” ni wọ́n mú, nítorí ó yá lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí òyìnbó obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ wá bẹ̀ wá wò, odindi kíláàsì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pariwo pé, “Sọ́rì, màdáàmù!” Obìnrin náà wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, bóyá aṣọ rẹ̀ ló ya.

Gbogbo tíṣà ló rẹ́rìn-ín. Èmi lọ ronú sí i. Nígbà tó yá, mo mú ọmọ mẹ́ta síwájú kíláàsì. Ọ̀kan á wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láàárọ̀, ọ̀kan á máa gbálẹ̀, ẹ̀kẹta á ru igbá, igbá á bọ́, á fọ́. Àwọn tó kù á kọ́kọ́ kí wọn bí wọ́n ti ń kíni nílé: okun, okun, okun. Ìgbà náà ni màá wá fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta: “gúdù mọ́nìn” fún ẹni tó wọlé, “wẹ́lì dọ́ọ̀nù” fún ẹni tó ń gbálẹ̀, “sọ́rì” fún onígbá nìkan. Kò pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi ṣì í mọ́ ní kíláàsì mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìmúra ẹ̀kọ́ mi, mo tilẹ̀ ya igbá náà síbẹ̀.

Nígbà ìsinmi ọdún yẹn, òyìnbó náà pe àwọn tíṣà àti àwọn ọ̀gá ilé-ìwé jọ sí Kàbà fún kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n gun lọ́rì wá láti Ìsánlú, láti Mopa, láti Ìyàrá. Ó sọ fún wa pé òun ń wá ẹnì kan tí yóò máa lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, tí yóò máa kọ́ àwọn tíṣà bí a ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ ìparí, kálukú yóò kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní ẹ̀kọ́ kan lójú gbogbo wa, ibẹ̀ ni òun yóò ti yan ẹni náà, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Mo fẹ́ iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́. Mo ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà láti Ìyàrá tó wọ̀ sọ́dọ̀ mi, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìwọ lórí kẹ̀kẹ́! Tí atẹ́gùn ń gbé ìró rẹ bí àsíá!”

“Kó máa gbé e. Wọ́n á ti ọ̀nà jíjìn mọ̀ pé tíṣà ń bọ̀.”

Ó gba ìwé mi, ó wo àwòrán igbá náà, ó ní orí ọkùnrin apárí ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí. “Àbúrò, mú ìwé ìmúra rẹ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò fẹ́ kí o dójú tì wá lọ́la.”

“Ẹ ṣé gan-an, Ẹ̀gbọ́n.” Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mi ò tíì dárí ìkúnlẹ̀ yẹn ji ara mi.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Nígbà tó kan ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó pe ọmọ mẹ́ta síta, ọmọ kíláàsì mi ni wọ́n. Ọ̀kan wọlé. Ọ̀kan mú ìgbálẹ̀. Ẹ̀kẹta gbé igbá rù. Igbá bọ́, ó fọ́, ọmọbìnrin náà sì wo ọ̀dọ̀ mi, ó ń retí kí n sọ pé ó ṣe é dáadáa. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Òyìnbó dìde lórí ìjókòó, ó ní ohun tí òun ti ń wá nìyẹn.

Ó kàn mí. Bí mo bá kọ́ ohun kan náà, èmi ni olè. Mi ò sì ní òmíràn.

“Màdáàmù,” mo ní, “ẹ ti rí ẹ̀kọ́ tèmi.”

Kò yé e. Ó béèrè ìwé ìmúra mi. Mo wo ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé náà ṣì wà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Òun ló rán mi lọ sílé-ìwé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Mo wo ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìwé náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

“Ó wà nílé, Màdáàmù.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú mi pé mi ò múra.

Nígbà tí mo ké dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ilẹ̀kùn. “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé bàbá àwọn ọmọ mi níṣẹ́ ni? Ta ló sọ ọ́ di tíṣà? Pa ẹnu rẹ mọ́!” Ó wá bu oúnjẹ fún mi, ó fi ẹran tó tóbi jù lé e. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n fún ọkọ rẹ̀ níṣẹ́ náà, àti kẹ̀kẹ́ tuntun. Wọ́n tẹ ẹ̀kọ́ náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ìwé, orúkọ rẹ̀ wà lókè. Ẹ̀dà tèmi náà dé, pẹ̀lú igbá tó dà bí orí apárí, àti àṣẹ pé bí mo ṣe gbọ́dọ̀ máa kọ́ ọ nìyẹn. Mo kọ́ ọ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kú nígbà tí mo tó lè bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Ó ti wà lórí àkéte nígbà náà, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ pé. Mo jókòó tì í, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi gba ẹ̀kọ́ mi?”

Ó wá ní, “Ká ní ìwọ lo dìde lọ́jọ́ náà, wọn ì bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì gbàgbé. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Mo ti ń retí ọjọ́ tí wàá wá dúpẹ́.”