Ariwo Tí Mo Lé Lọ

Èmi ni mo kọ ìwé náà. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kan ṣoṣo tí èmi àti ọmọ mi ń gbé ní Ṣómólú, mo fi bírò pupa kọ ọ́, mo kọ orúkọ tèmi síwájú, mo sì gbé e kiri ojúlé kí àwọn ayálégbé yòókù lè fọwọ́ sí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí ilé ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ wa máa pa jẹnẹrétọ̀ wọn láti aago méjì ọ̀sán sí aago mẹ́rin, kí ọmọ èèyàn lè sùn.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ọsibítù Igbóbì, aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ni mò ń fọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Tí mo bá dé, màá dáná, màá fọ aṣọ tiwa, màá lọ mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, wálé láti iléèwé. Aago méjì ni oorun tó ń jẹ́ oorun máa ń tó kàn mí. Ìgbà náà gan-an ni jẹnẹrétọ̀ yẹn máa ń ké lábẹ́ fèrèsé mi bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ògiri á máa gbọ̀n, ife á máa jó lórí tábìlì. Mo ṣépè fún un títí èpè fi tán lẹ́nu mi.

Bàbá tó ni ilé ìtẹ̀wé náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò bá mi jà. Ó ka ìwé náà tán, ó ní, "Màdáámù, bírò dúdú ló yẹ kẹ́ ẹ lò. Yíǹkì pupa tètè máa ń ṣá." Ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lókè sọ́kẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ yẹn, tí aago méjì bá ti lù, kẹ́kẹ́ á pa. Mo sùn bí ìkókó. Mo tún fi í yangàn níbi iṣẹ́.

Nígbà tó yá, ọyẹ́ dé. Ikọ́ fée ń bá ọmọ mi jà láti kékeré, eruku ló sì máa ń gbé e dìde. A ní ẹ̀rọ kékeré kan nílé tó ń sọ oògùn olómi di èéfín tí ọmọ náà yóò fi imú fà, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ẹ̀rọ náà ń lò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, aago mẹ́ta ku díẹ̀, àyà ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí wọn kò mú iná wá. Ínhélà rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ títí, afẹ́fẹ́ lásán ni. Mo fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré tèmi títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, kò tilẹ̀ húkọ́. Nígbà tí mo wọlé padà, ọmọ mi di irin fèrèsé mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ ti ń dú. Kò sunkún, nítorí ẹkún ń fẹ́ èémí. Ó kàn ń wò mí.

Mo gbé e pọ̀n, mo ki ẹ̀rọ náà sí abíyá, mo sáré sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo dé kí n tó rántí ìdí tí gbogbo ilé fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Àfọwọ́fà mi ni. Mo bínú sí ara mi débi pé mo fi ìkúùkù gbá ògiri.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun. Bàbá nìkan ló fẹ̀yìn ti ìdì pépà, tó ń sùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan jẹ́ǹ! Ọmọ mi ò lè mí!"

Kò bi mí ní nǹkan kan, kò tilẹ̀ wá sálúbàtà. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ̀. Mo ti ń ké pe Ọlọ́run ní orúkọ tí n kò mọ̀ pé mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló bú jáde, gbogbo ilẹ̀ mì, mo sì kúnlẹ̀ ki wáyà ẹ̀rọ náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Orúkọ mi wà lókè orí mi, ní yíǹkì pupa.

Ìyá àgbà tó ń gbé lókè yọjú lójú fèrèsé. "Ta ló ń tan jẹ́ǹ yẹn? Aago mẹ́rin ò tíì lù o! Ṣebí gbogbo wa la jọ sáìn!"

Bàbá gbójú sókè. "Ẹ má bínú, Mà. Ẹni tó kọ ìwé ló wà níbí."

Bó ṣe ń fa èéfín oògùn náà símú, èjìká ọmọ mi wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ omi. Bàbá mú píọ̀ wọ́tà kan jáde nínú fíríìjì kékeré tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà sì fi eyín já a. Mo wo omi náà bó ṣe ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá, ẹkún gbọ̀n mí. Ariwo jẹ́ǹ tó mú iná wá, tó mú omi tutù, wàhálà Èkó ni mo ti ń pè é.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ̀kalẹ̀ láti lọ fa ìwé náà ya. Ìyá àgbà pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà á láàmú. "Ọmọ mi, láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò rí oorun ọ̀sán sùn àfi ìgbà tó o kọ ìwé yẹn. Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ." Mo ní àmín, mo yípadà sókè.

Ìwé náà ṣì wà lára ògiri. Bàbá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ti jẹ́ǹ, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀, nítorí ó sábà máa ń lọ kó iṣẹ́ fún oníbàárà láàárín aago méjì sí mẹ́rin. Etí ìró ni mo so wọ́n mọ́. Láti aago méjì, èmi kì í sùn mọ́. Màá fi etí lé ẹ̀yìn ọmọ mi, màá máa gbọ́ èémí rẹ̀, màá máa wo aago, ẹ̀rù á máa bà mí bí ilé ṣe dákẹ́ tó.

Tó bá di aago mẹ́rin, jẹ́ǹ á bú, ògiri á gbọ̀n, ife á bẹ̀rẹ̀ ijó rẹ̀. Ọmọ mi á fi ọwọ́ kékeré tì mí lórí sórí pílò.

"Mọ́mì, ẹ lè sùn báyìí."